Ojú Ìwé Kẹrìnlá Tí Mo Rò Pé Mo Sọ Nù

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Èmi ni mo ń kà á. Màmá ní kí n yé kà á, pé ọjọ́ kì í ṣe ẹ̀wà tí à ń ṣà. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n máa kọ ọjọ́ sórí gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ kọ, kí ẹni tó bá rí i lẹ́yìn ọ̀la lè mọ ìgbà tí wọ́n kọ ọ́.

Ara Màmá le. Ẹsẹ̀ wọn tó máa ń wú ti lọ sílẹ̀, wọ́n sì ti padà sẹ́nu ìjà wọn pẹ̀lú àwọn tó ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà iwájú ilé. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, omi ti gba ìdajì òpópónà klóòsì wa bó ṣe máa ń gbà á lọ́dọọdún, a sì ti to búlọ́ọ̀kù tí à ń tẹ̀ kọjá. Èmi náà wà dáadáa. Mo ti ń sùn. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín gan-an nìyẹn: mo ti ń sùn, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó fà á.

Bàbá mi, ọdún mẹ́fà ni mo fi gbà pé èmi ni mo gba kíláàsì Bíbélì yín ní ìjọ lọ́wọ́ yín. Mi ò sọ fún yín rí. Mo gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo gbé e bọ̀ wálé, mo gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín ní ọsibítù títí ẹ fi lọ. Ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé ẹ kì í fẹ́ kí ènìyàn ti àárín mú ọ̀rọ̀.

Ọdún tí ẹ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba lẹ gba yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn, èyí tí Màmá fẹ́ fi ṣe sítọ̀. Ẹ gbé pẹpẹ ìwé wọ ibẹ̀, ẹ kó gbogbo ìwé tí ẹ ti ń rà láti ìgbà èwe wa jọ. Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ń sọ: àwọn lẹ́tà inú Májẹ̀mú Tuntun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ò fẹnu kò lórí ẹni tó kọ wọ́n. Lẹ́tà sí àwọn Hébérù, tí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lórí. Ti Tímótì méjèèjì àti ti Títù, tí orúkọ Pọ́ọ̀lù wà lórí wọn àmọ́ tí àwọn kan ní ọ̀rọ̀ inú wọn ò jọ tirẹ̀. Lẹ́tà kejì ti Pétérù. Àwọn ará àdúgbò máa ń béèrè pé kí ló kan akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi mọ ohun tó kàn yín.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ fi kọ lẹ́tà tí ẹlòmíràn ń fọwọ́ sí. Ẹ ó kọ ọ́, taípíìsì á tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá yín á yí gbólóhùn méjì padà, ẹlòmíràn á sì fọwọ́ sí i pé òun ṣe é fún Akọ̀wé Àgbà, nígbà tí Akọ̀wé Àgbà fúnra rẹ̀ ò tilẹ̀ sí nílùú. Ẹ máa ń bi wá nídìí oúnjẹ pé ta ló wá kọ lẹ́tà náà. Bí a bá ní ẹ̀yin ni, ẹ ó mirí. Bí a bá ní ọ̀gá ni, ẹ ó tún mirí. Ẹ ó wá gbé omi mu. Mi ò tíì rí olùkọ́ mìíràn tó ń fi omi mímu parí ẹ̀kọ́.

Torí náà ni ọ̀rọ̀ àwọn lẹ́tà àtijọ́ yẹn ò fi dẹ́rù bà yín. Mo rántí ọjọ́ tí ẹ fi hàn mí pé ní ìparí lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù, ẹni tó mú gègé lọ́wọ́ fi orúkọ ara rẹ̀ kí àwọn ará, pé òun lòun kọ ọ́ sílẹ̀. Inú yín dùn bí ìgbà tí ẹ bá pàdé ẹnìkan tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan náà.

Mo sì rántí òfin yàrá yẹn. Ìwé kan kì í dá jáde níbẹ̀. Èyí tó ní Pọ́ọ̀lù ló kọ ọ́ àti èyí tó ní kì í ṣe Pọ́ọ̀lù, rọ́bà kan náà lẹ fi dè wọ́n pọ̀, ẹni tó bá fẹ́ yá ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbé ìkejì. Ẹ kọ ọ́ sórí páálí, ẹ fi ìṣó kàn án mọ́ òkè pẹpẹ: Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn kan máa ń bínú. Wọ́n á ní ìwé kan làwọn wá yá, kì í ṣe ìbejì. Ẹ ó ní kò burú, kí wọ́n jókòó síbí kà á, ẹ ó sì ti máa fa àga fún wọn.

Nígbà tí ojú yín bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, ẹ pinnu láti kọ atọ́nà kan fún kíláàsì Bíbélì tí ẹ ń kọ́ ní ìjọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Gbogbo ohun èlò tí ẹni tó bá fẹ́ wádìí àwọn lẹ́tà yẹn máa nílò lẹ kọ síbẹ̀: Bíbélì Yorùbá ti àtijọ́ àti ti òde òní, kí wọ́n gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Gíríìkì, tí ìtumọ̀ wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìwé atọ́ka ọ̀rọ̀, tí ènìyàn lè fi ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan jáde nínú lẹ́tà kan tí kò sì jáde nínú òmíràn, ìwé àwọn olùkọ́ ìjọ ayé àtijọ́, kí a lè mọ ẹni tó kọ́kọ́ dárúkọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan àti ìgbà tó dárúkọ rẹ̀, àti àwọn ìwé àlàyé, ti ọ̀tún tó gbà pé Pọ́ọ̀lù ni àti ti òsì tó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ èyí tó wà lórí pẹpẹ yín, èyí tó wà ní ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà, àti èyí tí wọ́n lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ẹ̀rọ ayélujára. Èmi ni mo bá yín wá ti ẹ̀rọ ayélujára. Ẹ rántí ọjọ́ tí mo ṣí àwòrán ewé ìwé àtijọ́ kan fún yín lórí kọ̀ǹpútà? Ẹ fi ìka tọ ìlà kan, ẹ ní kí n má tíì pa á. A jókòó síbẹ̀ títí ọbẹ̀ fi jó.

Ẹ gbé ìwé náà fún mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan pé kí n lọ tẹ̀ ẹ́ ní ilé ìwé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ní Ìjegun-Ẹ̀gbá, ojú ìwé kan sí ojú ìwé kan, gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá ní ibùdókọ̀ Mazamaza, tírélà kan kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ ṣí fáìlì náà lọ́wọ́ mi. Ewé ìwé yín fọ́n ká ilẹ̀. Èmi àti obìnrin kan tó ń ta ọsàn la jọ ṣà wọ́n. Mi ò ka iye wọn. Ìgbà tí mo dé ibi iṣẹ́ ni mo tó kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mẹ́tàlá. Àmọ́ nínú àtòjọ tó wà ní ojú ìwé kìíní, ìlà tó kẹ́yìn kà báyìí: Ojú Ìwé Kẹrìnlá, Ohun Tí Èmi Fúnra Mi Gbà Gbọ́.

Bàbá mi, mo padà sí Mazamaza lọ́jọ́ yẹn nígbà tí a ṣíwọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì àwọn olọ́jà. Mo wo inú gọ́tà. Mi ò rí nǹkan kan. Ó yẹ kí n sọ fún yín ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo tẹ ìlà náà bí mo ṣe rí i, mo kó mẹ́tàlá fún yín, mo sì dúró kí ẹ bi mí. Ẹ kà á, ẹ ní ó dáa. Mo rò pé ẹ gbàgbé ni, mo sì dákẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, àmọ́ mo wà níbẹ̀, mo jókòó lẹ́yìn. Alàgbà Fọlárìn, tí í ṣe alága ìgbìmọ̀ ìjọ, ń ṣí ìwé tiwọn láti ẹ̀yìn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

"Tíṣà," wọ́n ní, "ẹ ní ojú ìwé kẹrìnlá wà. Mẹ́tàlá ni mo kà. Ìkẹrìnlá dà?"

Ẹ wo tọwọ́ yín. Ẹ bọ́ gíláàsì ojú yín, ẹ fi etí aṣọ yín nù ún. Ẹ ní, "Kò sí níbẹ̀."

"Èmi náà rí i pé kò sí níbẹ̀. Ohun tí mò ń béèrè ni pé ṣé ó wà níbì kankan?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni Alàgbà fi ṣe. Àmọ́ ẹnìkan ní iwájú mi sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Àṣé ẹni tó ń kọ́ wa ò gba nǹkan kan gbọ́." Ọ̀rọ̀ náà yí ṣọ́ọ̀ṣì ká kó tó di ọ̀sán. Lọ́sẹ̀ kejì ni lẹ́tà ìgbìmọ̀ dé, pé kí ẹ sinmi díẹ̀. Díẹ̀ náà di ọdún mẹ́fà. Ẹ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ kàn ń jókòó sí ìlà ẹ̀yìn, ẹ sì ń kọrin bí ẹ ṣe máa ń kọ ọ́, pẹ̀lú ohùn tó máa ń ṣáájú dùùrù.

Ṣé ẹ rí i pé mi ò wọ yàrá yín mọ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn? Ẹ ó pè mí pé kí n wá bá yín ka ìlà kan tí ojú yín ò gbé, n ó ní mò ń gbọ́únjẹ. N ó ní aṣọ wà lórí okùn. Ṣé ẹ rò pé ìwé ti sú mi ni? Ẹ̀yin ni mi ò lè wò lójú nínú yàrá yẹn.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní, Tóyìn wá sílé. Ẹ mọ Tóyìn, ọmọ tó máa ń kọ ohùn kejì nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà báyìí, wọ́n sì ní kó lọ kọ àròkọ lórí ẹni tó kọ lẹ́tà sí àwọn Hébérù.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ pé Tíṣà ní lísìtì kan."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Gbogbo ìjọ ni, mà. Wọ́n ní òun ló fa wàhálà."

Mo bi í pé ṣé kò lè rí ìdáhùn lórí fóònù rẹ̀. Ó ní, "Ìṣòro mi nìyẹn, Àǹtí. Gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dá lójú. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tó sọ ibi tí òun ti rí i."

Ẹ̀yin ì bá fẹ́ràn gbólóhùn yẹn. Mo ní kó padà wá ní Sátidé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, pé n ó tún ìwé náà tẹ̀. Ibẹ̀ ni èrò kan ti wọ̀ mí lọ́kàn. Mo ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé èmi ni mo sọ ojú ìwé kẹrìnlá nù, èmi náà ni mo gbọ́dọ̀ dá a padà. N ó kọ ọ́. Mo mọ ohùn yín. Mo mọ bí ẹ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn àti ibi tí ẹ ti máa ń mí. N ó fi orúkọ yín sí i, gbogbo ìjọ á rí i pé bàbá mi gbàgbọ́, ọ̀rọ̀ á sì parí.

Mo jókòó nínú yàrá yín, mo kọ ọ́. Ó dùn, Bàbá mi. Mo kọ pé ẹ gbàgbọ́ láìsí iyèméjì pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló kọ ọ́, àti pé ìwádìí yín kàn fi ẹsẹ̀ ìgbàgbọ́ yín múlẹ̀ sí i ni. Mo gbé e lọ sí ilé ìdáná, mo kà á sí Màmá létí. Wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Ohùn bàbá ẹ nìyẹn," wọ́n ní. "Ibo lo ti rí i?"

Mo ní mo rí i nínú yàrá. Mo parọ́ fún ìyá mi, opó, pẹ̀lú ọ̀bẹ ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo padà jókòó, mi ò sì lè tẹ̀ síwájú. Lórí pẹpẹ yín, ìwé méjì wà tí rọ́bà kan dè pọ̀. Ọ̀kan ní ó ṣeé ṣe kí ọmọ ẹ̀yìn fi orúkọ olùkọ́ rẹ̀ tó ti kú kọ lẹ́tà nítorí ìfẹ́, kí ẹ̀kọ́ olùkọ́ má bàa parun. Ìkejì ní ìfẹ́ kì í sọ irọ́ di òótọ́. Ọdún gbọọrọ ni mo fi nu eruku orí wọn kí n tó yé wọ yàrá yẹn. Mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí. Mo wá mọ̀ bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe ń jókòó, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń yá, bí ojú rẹ̀ ṣe ń ṣomi. Mi ò lè pè é ní olè mọ́. Àmọ́ mi ò lè fọwọ́ sí ohun tó ṣe.

Gbólóhùn kan ló ń yọ mí lẹ́nu jù, "láìsí iyèméjì." Mo rò ó títí, mi ò rántí pé ẹ sọ bẹ́ẹ̀ rí lórí nǹkan kan. Mo ní kí n yẹ fáìlì yín wò, bóyá n ó rí ibì kan tí ẹ ti kọ ọ́, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Mo fa fáìlì atọ́nà náà jáde. Ìwé àfọwọ́kọ yín wà níbẹ̀, mẹ́tàlá, àwọn tí mo ṣà nílẹ̀ ní Mazamaza, iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lára wọn. Lẹ́yìn wọn ni ojú ìwé kẹrìnlá wà. Ó mọ́ tónítóní. Kò jáde nínú ilé yìí rí.

Báírò pupa lẹ fi kọ àkíyèsí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, irú èyí tí ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń kọ sínú fáìlì, pẹ̀lú ọjọ́ lórí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí ẹ gbé ìwé náà fún mi. Ẹ kọ ọ́ pé: "Yọ èyí kúrò. Bí wọ́n bá ti mọ ibi tí mo dúró sí, wọn ò ní ṣí ìwé kankan mọ́. Ẹni tó bá kà wọ́n tán tó sì wá bi mí, kí n fi hàn án." Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi tí wàhálà ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé: "Mo gbàgbé láti pa ìlà rẹ̀ rẹ́ nínú àtòjọ. Ọmọ tẹ ohun tí mo fún un. Àṣìṣe tèmi ni. Bí mo bá ṣàlàyé, n ó ní láti sọ ohun tó wà níbẹ̀, kíláàsì á sì parí síbẹ̀."

Ọmọ tẹ ohun tí mo fún un. Mo jókòó sílẹ̀, Bàbá mi. Mo ka gbólóhùn yẹn títí mo fi gbọ́ ohùn ara mi. Mo sunkún, àmọ́ kì í ṣe irú ẹkún tí mo sun nígbà tí ẹ kú. Ó dà bí ìgbà tí a bá gbé garawa omi sọ̀kalẹ̀ lórí ẹni, tí ọrùn ṣì ń gbọ̀n.

Mo ka ojú ìwé kẹrìnlá náà. Ìlà mẹ́sàn-án péré ni. Kò jọ èyí tí mo kọ rárá. Ẹ ní ẹ ò mọ ẹni tó kọ lẹ́tà sí àwọn Hébérù. Ní ti Tímótì, ẹ ní bí ẹ bá ka ìwé ọ̀tún, ẹ ó fì sọ́tùn-ún, bí ẹ bá ka ti òsì, ẹ ó fì sósì, àti pé ẹ ti yé bínú sí ara yín lórí rẹ̀. Ẹ wá ní àwọn lẹ́tà náà ti gbé yín dìde nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí àwọn tó mọ̀ yín dáadáa ò lè gbé yín, àti pé ẹni tó bá gbé ènìyàn dìde, a lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ká tó mọ orúkọ rẹ̀. Ìgbà wo ni ẹ ṣubú lẹ́ẹ̀mejì yẹn? Kí ló dé tí a ò mọ̀?

Mo lọ jẹ́wọ́ fún Màmá. Mo ní èmi ni mo kọ èyí tí mo kà sí wọn.

"Mo mọ̀," wọ́n ní.

"Ẹ ṣáà ní ohùn wọn ni."

"Ohùn ẹ̀ ni mo ní. Mi ò ní òun ló sọ ọ́. Nǹkan ò dá bàbá ẹ lójú tó bẹ́ẹ̀ rí, àfi tó bá di pé iyọ̀ ò tó lọ́bẹ̀."

A rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti wáyé nínú ilé ìdáná yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú fáìlì náà lọ sí ilé Alàgbà Fọlárìn ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin. Mo fi ìwé òfìfo bo ìlà mẹ́sàn-án yẹn, àkíyèsí yín nìkan ni mo jẹ́ kí wọ́n rí. Wọ́n kà á, wọ́n tún un kà.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ lẹ́tà yẹn sí i," wọ́n ní. "Ẹ̀fẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ o. Nígbà tí kò dá mi lóhùn, mo rò pé ó ń fojú tín-ín-rín mi ni. Ọdún mẹ́fà. Ṣé ó bínú sí mi?"

Mo ní mi ò gbọ́ kí ẹ dárúkọ wọn ní búburú rí. Òótọ́ ni, àbí? Wọ́n wá na ọwọ́.

"Jẹ́ kí n rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀."

"Ẹni tó bá ka àwọn ìwé náà tán ni, sà."

"Èmi? Ní ọjọ́ orí mi yìí?"

"Bàbá mi ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, sà. Ó wà níbẹ̀."

"Mélòó ni ìwé ọ̀hún?"

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, sà. Méjì méjì la máa ń kó wọn jáde."

Wọ́n wò mí títí, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ bàbá ẹ ni ẹ́. Ó kú, agídí ẹ̀ ò kú." Àmọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé lẹ́tà kan fún ìgbìmọ̀, pé ìdájọ́ tí àwọn ṣe fún Tíṣà kò tọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́, ìkọ̀wé wọn rí játijàti, wọ́n sì fọwọ́ sí i fúnra wọn.

Mo ti tún atọ́nà náà tẹ̀. Mẹ́tàlá ni ojú ìwé rẹ̀, mo sì ti pa ìlà ìkẹrìnlá rẹ́ nínú àtòjọ, bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí. Ojú ìwé yín ti padà sínú fáìlì. Èyí tí mo kọ ní orúkọ yín, mi ò ya á. Mo fi báírò pupa kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, pé ọmọ ló kọ ọ́, kì í ṣe bàbá, mo sì fi í sẹ́yìn tiyín kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì wọ́n mú lẹ́yìn wa.

Ohun kan ṣì ń dùn mí. Ẹ ní ẹni tó bá kà wọ́n tán tó wá bi yín, ẹ ó fi hàn án. Ọdún mẹ́fà lẹ fi dúró, kò sí ẹni tó wá. Ṣé èmi lẹ ń retí, ní gbogbo ìgbà tí ẹ ń pè mí pé kí n wá bá yín ka ìlà kan? Mo wà lẹ́yìn ògiri. Ẹ̀rù tó ń bà mí láti jẹ́wọ́ ohun tí mi ò ṣe ni kò jẹ́ kí n wọlé. Ẹ foríjì mí. Mo mọ̀ pé ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó bẹ̀ yín, mo rí i lójú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ lórí. Bó ti ń dùn mí náà, ara ti tù mí, Bàbá mi.

Ní Sátidé tó kọjá, mo ṣí fèrèsé yàrá yín. Tóyìn wá, ó sì mú ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan dání. Alàgbà Fọlárìn dé lẹ́yìn wọn pẹ̀lú àpò ọ̀rá, wọ́n ń kùn pé òjò ti ba bàtà wọn jẹ́. Wọ́n yá ìwé méjì àkọ́kọ́. Wọ́n fẹ́ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi, mi ò gbà. Tóyìn bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta, mi ò mọ èyíkéyìí nínú wọn, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. A jọ wá a nínú ìwé atọ́ka ọ̀rọ̀. Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n láti orí ìwé kìíní, mo ti dé orí ìkẹta.

Láti ìsinsìnyí lọ, ní gbogbo Sátidé láti aago mẹ́rin sí aago mẹ́fà, n ó máa ṣí yàrá yìí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kàwé.

Èmi ni, ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, tí kò sì yé fẹ́ràn yín.